Ajá Tó Wọ Bàálù Wá

Ajá náà wà lábẹ́ tábìlì. Tíṣà Matilda Bánúsọ gbé àga síwájú tábìlì ọ̀hún, ó jókòó, ó fi pàṣán lé itan, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò ní fún lómi mu.

"Ẹ lè mú èmi," ló sọ. "Ajá yìí ò ní bá yín lọ."

Susannah Ọnàfowókàn, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí àgọ́ ọlọ́pàá Ìjẹ̀bú-Òde rán wá, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé ẹni tí inú ń bí kì í fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ òun títí á fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́ńsítébù Ràsákì wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, nítorí ọgbà Ijagun yìí kún fún ajá. Èyí tó fọ́ lójú wà níbẹ̀, èyí tó ń tiro wà níbẹ̀, èyí tí ìrù rẹ̀ ti re dànù wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì fẹ́ gbóòórùn ọlọ́pàá.

"Ràsákì," ni Tíṣà wí, kò gbójú kúrò lára Susannah, "ṣé ìwọ ni wọ́n fi ṣe ọlọ́pàá?"

"Èmi ni, Tíṣà."

"O ò mọ Sáàmù tí mo ní kí o kọ́ sórí títí o fi jáde ilé ìwé."

"Mùsùlùmí ni mí, mà."

"Mo mọ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó kù mọ̀ ọ́n."

Susannah gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò tíì sọ pé mo fẹ́ mú ẹnikẹ́ni. Kí ni ajá náà ń jẹ́?"

"Lásárù."

"Ẹni tó fẹjọ́ sùn ní Píríǹsì ló ń jẹ́."

"Pè é kí o wò ó."

Susannah kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Píríǹsì," ló pè. Ajá gbé orí sókè. "Lásárù." Ajá gbé orí sókè. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ronú díẹ̀, ó ní, "Ràsákì." Ajá tún gbé orí sókè, ó ju ìrù, Ràsákì náà sì dáhùn látẹ̀yìn pé, "Mà?"

"Orúkọ ò lè bá wa yanjú eléyìí," ni Susannah wí. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro láti sọ. Lọ́dún 1985 yìí, àwọn adigunjalè ò jẹ́ kí olówó fojú kan oorun, ajá òyìnbó sì ti di ohun tí àwọn ọlọ́lá fi ń bá ara wọn figagbága. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ti fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè lọ́rùn. Ọkọ̀ òkun kì í kó ohun tí ènìyàn bá ṣáà ti fẹ́ wá mọ́. Harold Ṣóyẹmí nìkan ló ṣì ń rí ajá òyìnbó tà, ní ọgbà rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ya orí ajá sára pátákó gàgàrà. Ọwọ́ rẹ̀ ni Richard Ọdúmósù, agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé Mọlípà, ti ra ajá Jámánì kan, ẹ̀yìn dúdú, ẹsẹ̀ pupa rúsúrúsú, etí tó nà ṣánṣán bí etí ẹni tó ń gbọ́ ìkọ̀kọ̀. Gbogbo àlejò Richard ló rí ajá náà kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá pòórá. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ilé Tíṣà Matilda ní Ijagun ló wà.

Tìtorí ilé yìí ni ìlú ṣe ń fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì ló ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún ibi ìkẹ́rùsí. Nígbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ajá tí ènìyàn já sílẹ̀ síbẹ̀: ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ti ẹni tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́, ti òyìnbó ilé iṣẹ́ tó kógbá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ajá, kó wá tọrọ. Tíṣà kì í gba owó, ṣùgbọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún ọ fẹ́.

Richard ti kọ̀wé sí kánsù báyìí. Ó ní ibi tí wọ́n ń kó ajá olè pa mọ́ sí ni. Kánsù sì ti fèsì: bí ọlọ́pàá bá lè fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, àwọn wolé-wolé á wá sí Ijagun lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú ìbọn, wọn ò sì ní fi ajá kankan sílẹ̀ láàyè.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ṣéènì tó wà lọ́rùn rẹ̀, mà," ni Susannah wí.

Tíṣà yẹ àga díẹ̀. Ajá yọ jáde, ó wá la Susannah lọ́wọ́. Ràsákì sún sẹ́yìn sí i. Susannah yí ẹnu ṣéènì náà sí ìmọ́lẹ̀. Irin náà ti jẹ tínrín, ó fẹ̀ lẹ́nu kó tó já.

"Kò sẹ́ni tó gé e," ló sọ. "Ajá fà á já ni. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbí."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ń họ ilẹ̀kùn mi. Inú gọ́tà ni mo ti rí i nígbà tó wà lọ́mọ ajá, ìdin ti wọ̀ ọ́ lára. Mo wò ó sàn, mo fún Bọ́lánlé, aránṣọ kan ní Imusin. Lójò èṣí ni wọ́n jí i níwájú ilé rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wò ó sàn ló rántí."

"Etí Lásárù ńkọ́, mà? Nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, ṣé ó máa ń nà sókè bí èyí?"

Susannah rí i pé Tíṣà mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ, àti pé irọ́ kékeré kan lè gbà á sílẹ̀.

"Ó wó ni," ni Tíṣà wí nígbẹ̀yìn. "Méjèèjì ló wó. Mi ò ní torí ajá pa irọ́."

Ràsákì mí kanlẹ̀. Susannah fi ìka wo ìdí etí ajá náà, ó rọra fi wọ́ ọ lọ, ó sì dúró lójú kan níbi tí irun ò ti sí, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú àpá.

"Ẹ fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ yín," ló sọ. "Ẹ má jẹ́ kó jáde. Ọjọ́ Mọ́ńdè ò tíì dé."

* * *

Harold Ṣóyẹmí wọ aṣọ sàfárì aláwọ̀ omi búlúù, ó fi kóòmù sí àpò. Ó gbé ìwé kan síwájú Susannah, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́ ló sì kún inú rẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ nìyí, ìyá rẹ̀ nìyí, bàbá bàbá rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin gan-an, Màdáámú, ṣé ẹ lè ka ìran yín dé ibẹ̀ yẹn?"

"Mo lè kà á. Ìjẹ̀bú ni mí. Nígbà wo ló dé Nàìjíríà?"

"Ó ti dàgbà kó tó dé. Bàálù ló wọ̀ wá. Pápá ọkọ̀ òfurufú ni mo ti lọ gbà á."

"Àárín ọ̀dọ̀ yín àti ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọdúmósù, ṣé kò gbé ibòmíì?"

"Ibo? Láti inú bàálù, ó bọ́ sínú kéèjì mi. Láti inú kéèjì, ó bọ́ sí Mọlípà. Ẹ wo ọgbà yìí, ṣé ẹ gbọ́ ariwo ọmọdé kankan? Mi ò ní ìyàwó, mi ò gba ayálégbé, òṣìṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ mú ẹbí wá. Ajá yẹn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ agboolé Yorùbá rí láyé rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí ẹ̀ sanwó nìyẹn."

Susannah wo àwọn kéèjì. Ó rí àwọn abo ajá tí ọmú wọn ti fà dé ilẹ̀, tí wọn ò dìde nígbà tí àlejò wọlé. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé orí padà sílẹ̀. Ó ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú dígí ara rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ti fi pílásítà gbé etí rẹ̀ sókè rí," ló sọ. "Ojú ibẹ̀ ò tíì hu irun."

"Gbogbo ọmọ ajá Jámánì la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ní ó ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Harold yọ kóòmù, ó ya irun rẹ̀ tí kò dàrú. "Wọ́n ti ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Láti ìgbà náà, irun ò tíì hù?"

"Irun ajá kì í yára hù, Màdáámú. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n bá yín sòótọ́. Ẹ̀gbin ni ìyá yẹn ń kó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ ajá gidi á ra ajá gidi. Ẹ̀yin náà, obìnrin tó ń dá gbé, ẹ nílò ọ̀kan. Màá ṣe é fún yín lówó pọ́ọ́kú, ilé tí ò lọ́kùnrin, olè tètè ń mọ̀ ọ́n."

"Ilé mi dákẹ́," ni Susannah wí. "Ìdákẹ́ náà nìkan ni olè lè bá níbẹ̀. Tó bá wù ú, kó wá gbé e."

Nínú ọkọ̀, Ràsákì ní òun ti rí ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú ajá náà, mà. Tó bá jẹ ẹ́, Ìjẹ̀bú ni."

"Ṣé o rí egungun ìhà rẹ̀? Tí o bá gbé àga síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́."

"Ká wá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i."

"Gẹ̀ẹ́sì ni Tíṣà ń sọ sí gbogbo ajá rẹ̀. Ìwọ náà rántí."

Ràsákì rántí, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ. Susannah ń ronú. Pé Harold ń purọ́, ìyẹn ti dá a lójú. Ṣùgbọ́n ojú àpá pílásítà kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ọ̀gá rẹ̀ tó ń bá Richard ṣeré tẹníìsì. Ìwé olóǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, obìnrin àgbàlagbà tí ìlú kà sí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ohun tó nílò ni nǹkan kan tó wà nínú ajá náà fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ sára ìwé, tí Harold ò sì ní rántí pa rẹ́.

* * *

Bọ́lánlé jókòó sídìí máṣíìnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Imusin, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mìíràn tó ti ń rìn ń fa okùn láàárín òwú. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n rí Lásárù, ó da aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Ẹ mú mi lọ, mà. Tó bá rí mi, á mọ̀ mí."

"Ó mọ gbogbo ènìyàn. Ó mọ Ràsákì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Harold á ní ìrù kì í jẹ́rìí."

"Ṣé torí pé mi ò ní ìwé ni?"

"Torí pé òun ní."

"Mi ò fowó rà á, òótọ́ ni." Ohùn Bọ́lánlé le. "Ṣùgbọ́n Tíṣà fi ìbéèrè dá mi lágara kó tó gbé e fún mi. Ṣé mo máa lù ú? Ṣé mo máa so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn? Kí ni màá ṣe tí mo bá bímọ? Ìgbà tí ìyá ọkọ mi ń fẹ́ mi fún ọmọ rẹ̀, kò bi mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sanwó, kí ni wọ́n bi í?"

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n. Bọ́lánlé ò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ó tú ọ̀já, ó sún síwájú lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ náà kalẹ̀ sáàárín wọn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìyá ti máa ń ṣe, ó sì ń bá àròyé rẹ̀ lọ.

Ajá pupa kan yọ láti ẹ̀yìnkùlé ilé kejì. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó rìn wá jẹ́ẹ́jẹ́, ó jókòó síbi tí kò jìnnà tí kò sì sún mọ́ jù, ó kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró kí ọmọ náà ṣe tán. Ràsákì, tó ti ṣe àlùwàlá, bọ́ sí ìta pátápátá.

Susannah ò gbọ́ ohun tí Bọ́lánlé ń sọ mọ́.

"Ajá ta nìyí?"

"Ti ará ilé kejì ni. Láti ìgbà tí Lásárù ò ti sí ló ti ń wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n eléyìí wà lọ́mọ ọwọ́, Lásárù ò ní gbà kó sún mọ́ ibí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó lá ìgbẹ́ ọmọ."

"Ta ló kọ́ ọ?"

Bọ́lánlé wò ó bíi pé ó béèrè ẹni tó kọ́ ewúrẹ́ ní koríko jíjẹ. "Ta ló ń kọ́ ajá nírú ẹ̀, mà? Kó ṣáà ti kékeré dàgbà nílé tí ọmọ ọwọ́ wà."

Susannah bú sẹ́rìn-ín. Ràsákì yọjú láti ìta, ó wò ó, nítorí kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ràsákì, ṣé ọmọ kékeré wà nílé Richard Ọdúmósù?"

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Èkó gbé ọmọ ọwọ́ wá kí wọn, mà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ajá ti lọ ni wọ́n dé. Kó tó dìgbà yẹn, Richard àti ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà nìkan ló wà nínú ilé ńlá yẹn."

"Dáadáa ni," ni Susannah wí. "Bọ́lánlé, gbé ọmọ rẹ pọ̀n. Ò ń bá wa lọ, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ lo máa jókòó sí títí màá fi pè ọ́."

* * *

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Richard ni wọ́n pàdé sí. Richard jókòó nínú àga onítìmùtìmù tí wọ́n gbé jáde fún un. Harold dúró tì í, ó mú ẹran sísè dání nínú ọ̀rá. Tíṣà Matilda fi okùn fa Lásárù wọlé, ó sì dúró síbi tí oòrùn wà, nítorí kò fẹ́ jẹ Richard ní gbèsè ibòòji. Ìyá Richard, tí gbogbo adúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lórí àpótí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wá láti Èkó jà nítorí póò tí ọmọ ọwọ́ ń yàgbẹ́ sí.

"Ike," ni Ìyá Àgbà ń wí. "Wọ́n gbé ọmọ jókòó sórí ike bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀."

"Ẹ wò ó, Màdáámú," ni Richard wí fún Susannah, "ajá mi nìyẹn, olè nìyí. Kí ló kù?"

"Ó ku kí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lójú gbogbo yín. Níbo ni ajá yìí gbé dàgbà?"

"Jámánì," ni Harold wí. "Nínú kéèjì. Lẹ́yìn náà, nínú kéèjì mi."

"Agboolé Yorùbá?"

"Kò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan rí, àfi ilé yìí."

"Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúmósù?"

"Ohun tí mo rà nìyẹn."

Susannah yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi póò sílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀yin náà."

Ìyá Àgbà ò béèrè ìdí. Ó ti ń wá ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn láti àárọ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé wọn, ó sì ń pọ̀ṣẹ́ sí ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ bojú.

"Ẹ tú okùn ajá, Tíṣà."

Tíṣà tú u. Harold mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, kò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni. Ó yọ ẹran nínú ọ̀rá, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì pe ajá náà, "Píríǹsì, kọ́ọ̀mù." Ajá wo ẹran. Ó wo Ìyá Àgbà àti ọmọ. Ó kọjá lára Harold, ó kọjá lára Richard, ó dé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó jókòó síbi tí kò jìnnà tí kò sì sún mọ́ jù, ó sì yí ojú sí ara ògiri, bí ẹni tó mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n máa wo ènìyàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi ajá náà pé, "Ìwọ, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ní Jámánì náà nìyí?"

"Ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa á," ni Harold wí.

"Ẹran wà lọ́wọ́ yín," ni Susannah dáhùn. "Ajá yìí rí obìnrin tó na ẹsẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ tó kàn. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ajá tó bá kékeré dàgbà nínú ilé tí ọmọ ọwọ́ wà nìkan ló ń mọ èyí. Nínú kéèjì yín, ẹ̀yin fúnra yín ní kò sọ́mọ. Nínú ilé yìí, kò sọ́mọ títí ajá fi lọ."

"Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ló ti kọ́ ọ," ni Harold wí, ó ń tọ́ka. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Tíṣà Matilda gbé orí sókè nínú oòrùn. "Mi ò bímọ rí, Harold. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ìwọ náà ti fi ṣe àwàdà ní kíláàbù, wọ́n sì wá sọ fún mi. Kò sọ́mọ nílé mi. Sọ nǹkan mìíràn."

Harold wo ẹran ọwọ́ rẹ̀, ó wo Richard, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Kò dà bíi ti oníṣòwò mọ́.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ọkọ̀ ò kó ajá wá mọ́. Mo rí i lẹ́bàá títì ní Imusin, mo gbé e sínú ọkọ̀, mo gbé etí rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà lẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín wá wò ó. Ká ní mo sọ fún yín pé ajá aránṣọ ni, ṣé ẹ ó jẹ́ kó wọ géètì yín? Ajá kan náà ni. Ìwé lẹ rà."

Ràsákì di ọwọ́ Harold mú, ó gba ọ̀rá ẹran náà pẹ̀lú ìka méjì, ó ní ẹ̀rí ni.

Susannah wá pe Bọ́lánlé wọlé. Ajá náà ti ń ju ìrù fún gbogbo ènìyàn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i, ìrù ò tó mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ikùn wọ́ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ohun kan tó fara jọ ẹkún. Bọ́lánlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Richard wò wọ́n. "Ó dáa," ló sọ. "Èló lo máa gbà lórí rẹ̀?"

"Kò sí ní títà," ni Tíṣà wí.

"Mi ò bá yín sọ̀rọ̀, mà. Mo ń bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀."

"Ó ti dá yín lóhùn, sà," ni Bọ́lánlé wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí.

Ojú ti Richard, inú sì ń bí i pé ojú ti òun. "Ìwé mi ṣì wà ní kánsù," ló wí. "Ajá olè ò sí níbẹ̀ mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ni ibẹ̀. Àwọn wolé-wolé á bá àwọn ajá yẹn níbẹ̀ tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Wọ́n á bá èmi náà," ni Tíṣà dáhùn. "Iwájú ni màá wà. Kí wọ́n tètè mọ̀, kí wọ́n lè ka ọta ìbọn wọn dáadáa."

"Richard." Ìyá Àgbà ti gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti dìde, ó ń so ìró.

"Mà."

"Odidi òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lo fi ń fi ajá aránṣọ yangàn. Nígbà tí ọ̀ràn wá yé ọ, àwọn ará ilé rẹ̀ lo fẹ́ pa. Ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde."

"Ibo là ń lọ, mà?"

"Ijagun. Èmi náà fẹ́ tọrọ ajá."

* * *

Tíṣà Matilda ò fojú àgbà wo Ìyá Àgbà. Ó gbé e jókòó sórí àga kan náà tí òun fi dí tábìlì, ó sì bi í bó ṣe ń bi gbogbo ènìyàn. Ṣé á máa sùn nínú ilé? Ta ni yóò máa fún un lómi tí Ìyá Àgbà bá lọ sóde? Bí Ìyá Àgbà bá kú ńkọ́?

"Richard á gbà á," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ti rí i pé ó fẹ́ràn ajá Ìjẹ̀bú."

Richard, tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ń gbọn irun ajá kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Màá máa wá wò ó," ni Tíṣà wí. "Màá kàn dé ni, mi ò ní ránṣẹ́."

"Máa bọ̀. Àlejò tó ń wá sílé yẹn, ajá ni wọ́n ń wá wò tẹ́lẹ̀."

Wọ́n yí ọgbà náà ká. Àwọn ajá tó rẹwà wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà ò wò wọ́n. Ó dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò sí mọ́, tí etí rẹ̀ sì ti ya bí aṣọ àtijọ́. Ó ní èyí ló jọ ẹni tó lè bá òun sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà fẹ́ gbé e sínú búùtù. Ìyá Àgbà ní rárá. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí Richard máa ń jókòó sí nínú Mẹ̀sí rẹ̀, ni wọ́n gbé ajá náà sí, ìyá jókòó tì í, Richard sì lọ bá dírẹ́bà níwájú.

Susannah tẹ̀lé wọn dé kánsù, nítorí kò ní ti ọ̀ràn náà pa títí Richard yóò fi gba ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ padà níbẹ̀. Ọ̀sán ni, ojú títì kún, àwọn òṣìṣẹ́ dúró sórí àtẹ̀gùn. Àwọn wolé-wolé méjì kan ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ ibòòji. Richard rọra fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ajá náà délé, òun á padà wá.

"Ibí la máa dúró sí," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó na ọwọ́ tó ti gbẹ, ó sì yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà gbé orí jáde síta, ó kọ etí rẹ̀ tó ya sí atẹ́gùn, ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ kánsù lọ́kọ̀ọ̀kan. Richard ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ láàárín wọn.